Ṣé ínhélà ló ń pa èèyàn? Ìdáhùn fún ìyá kan tó ń yan gàrí

Ìyá kan tó ń yan gàrí ní Ìta-Ògbólú, nítòsí Àkúrẹ́, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ nípa ikọ́ fée, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní asthma. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Ikọ́ fée ti ń bá mi jà láti kékeré. Ó lọ nígbà tí mo wọ girama, ó tún padà dé lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé mi dé Àkúrẹ́ lóru, tí wọ́n fa ọ́síjìn sí mi nímú. Ínhélà búlúù kan kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi mọ́. Màmá mi ní ínhélà yìí gan-an ló máa pa mí, pé gbogbo ẹni tí ikọ́ fée pa tí àwọn mọ̀, ínhélà ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n jù ú nù, kí n máa mu àgbo. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni mo ṣe máa bá a gbé tí wọn ò fi ní máa sáré gbé mi kiri?"

Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń já yín láyà jù, kí ọkàn yín lè balẹ̀ gbọ́ ìyókù: ẹ má ju ínhélà yín nù. Bí ẹ bá jù ú nù lónìí, tí èémí sì há lóru ọ̀la, kò sí ohun tó kù láàárín ẹ̀yin àti ibi tí ọ́síjìn wà bí kò ṣe ọ̀nà Àkúrẹ́, ẹ sì ti gba ọ̀nà náà lóru lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mọ bó ṣe gùn tó fún ẹni tí kò rí èémí mí. Ṣùgbọ́n mi ò dá màmá yín lẹ́bi. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù pàjáwìrì àti kílíníìkì àwọn tí àyà ń dùn ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iye ìyá tó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí sí mi létí, mi ò lè kà á. Ohun tí wọ́n fi ojú rí, òótọ́ ni wọ́n rí i. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ni kò jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ní gbòǹgbò. Láàárín àwọn ọdún 1960, ínhélà kan wà lóde tí oògùn tó ń jẹ́ isoprenaline wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣe é lágbára jù. Ikú ikọ́ fée pọ̀ sí i ní England àti láwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti ń tà á. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní New Zealand láti 1976, fenoterol ni ti ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba wọn dín lílò rẹ̀ kù ní 1989, ikú náà lọ sílẹ̀. Oògùn tó wà nínú búlúù tiyín, salbutamol ni, kò le sí ọkàn tó àwọn méjèèjì yẹn. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ tí àwọn dókítà kọ́ níbẹ̀ kan yín: ẹni tó bá gbára lé oògùn tó ń ṣí àyà kíákíá nìkan, tí kò tọ́jú ohun tó ń dí àyà náà, ewu ló ń kó pamọ́. Ẹni tó kú sínú odò tí okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, okùn kọ́ ló pa á. Okùn náà ni kò gùn tó.

Orúkọ tí a fún àìsàn yìí gan-an ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Nítorí pé a pè é ní ikọ́, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ikọ́ ife (TB), wọ́n ń ya ife àti ṣíbí aláìsàn sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ikọ́ fée kì í ràn. Àwọn mìíràn rò pé ẹni tí kò bá ti wúkọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyà yín rèé. Àwọn ọ̀nà tóóró tí èémí ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ara inú wọn ti wú, ó pọ́n bí ojú tí Àpólò mú. Wíwú yìí wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí ẹ wọ aṣọ ẹbí tí ẹ ń jó níbi ìnáwó. Bí èéfín tàbí eruku bá wá kàn án, iṣan tó yí ọ̀nà náà ká á fún un pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki á wá dí ìwọ̀nba àyè tó kù. Fée tí ẹ ń gbọ́ yẹn, èémí ló ń fi ipá gba ojú ihò tóóró kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi jáàkì fún ẹ̀gẹ́, ó yẹ kó tètè yé yín: ńṣe ni ínhélà búlúù ń tú jáàkì sílẹ̀. Iṣan á dẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ara á tù yín fún bíi wákàtí 4 sí 6. Àmọ́ kò fọwọ́ kan wíwú inú rẹ̀ rárá. Bí agbára rẹ̀ bá tán, ibi tó bá ọ̀nà náà ló fi í sí, ó tiẹ̀ lè ti wú ju ti àná lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, nítorí búlúù ti ń bò ó mọ́lẹ̀ fún yín.

Oògùn tó ń fọwọ́ kan wíwú yàtọ̀. Ínhélà ni òun náà, àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ búráwùn, ó lè jẹ́ pupa tàbí pọ́pù, ó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ má wo àwọ̀, ẹ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀: beclometasone, budesonide, fluticasone. Steroid ni wọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn máa ba màmá yín lẹ́rù ju búlúù lọ, wọn ò sì jẹ̀bi, nítorí gbogbo wa la ti rí àwọn tó ń gbé hóró dexamethasone mì kí wọ́n lè sanra, tí ojú wọn wú bí àkàrà, tí ìtọ̀ ṣúgà wá dé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Hóró prednisolone kan ṣoṣo, mílígíráàmù 5 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé e kárí ara. Fífà kan nínú ínhélà steroid sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí ìdá márùn-ún mílígíráàmù kan péré, inú àyà ló sì ń lọ tààrà. Ọ̀fun lè máa ha yín díẹ̀, ẹfun lè yọ lórí ahọ́n. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn tí ẹ bá fà á tán, kí ẹ tu omi náà dànù, ó tán.

Ìṣòro rẹ̀ gan-an ni pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ fà á láàárọ̀, kò sí ohun tó yí padà. Ẹ fà á lálẹ́, bákan náà ni. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wíwú náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé "èyí ò ṣiṣẹ́, búlúù ló dáa", tí wọ́n á gbé e jù sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ní 2019, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ikọ́ fée, tí wọ́n ń pè ní GINA, sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má ṣe fi salbutamol nìkan tọ́jú àgbàlagbà kankan mọ́, ì báà jẹ́ ẹni tí tiẹ̀ kò le. Nínú gbogbo lẹ́tà yín, mi ò rí orúkọ ínhélà kejì kankan. Bí wọn ò bá tíì kọ ọ́ fún yín láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé yín lọ síbi ọ́síjìn, ẹ̀bi yìí kì í ṣe tiyín. Bí wọ́n bá kọ ọ́ tí ẹ ò rà á, tàbí tí ẹ rà á tán tí ẹ dá a dúró, a mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo iye tí ẹ ń lò. Búlúù kan, fífà 200 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ọjọ́ 21. Ó ń lọ sí bíi fífà 10 lójúmọ́, ó ń lọ sí ínhélà 17 lọ́dún. Ẹni tó bá lo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, àwọn onímọ̀ ti rí i pé ewu kí àyà rẹ̀ há gan-an lójijì pọ̀ sí i. Ẹni tó bá lo 12, ewu ikú gan-an ló ń pọ̀ sí i. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ara yín ti ń pariwo tipẹ́, búlúù sì ni ẹ fi ń dí ariwo náà létí. Ẹ fi báírò kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ara rẹ̀. Ẹ má gbé e sínú omi wò bóyá ó máa léfòó, ẹ má sì gbọ́kàn lé mímì rẹ̀ sí etí: afẹ́fẹ́ tó ń ti oògùn jáde lè ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí oògùn ti tán, kó máa dún ṣíṣẹ̀ lásán.

Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìlàjì ohun tí ẹ ń fà kì í dé àyà. Mo ní kí bíríkìlà kan láti Ìsìnkàn fi bó ṣe ń lo tirẹ̀ hàn mí nígbà kan. Ó la ẹnu gbàgà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wo bèlúbèlú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, kùrukùru funfun kan sì rọra jáde padà láti ẹnu àti imú rẹ̀ bí ẹni tó ń mu sìgá. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ló ti ń ra oògùn fún. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ mí èémí inú yín jáde tán, kí ètè yín dì í mú pinpin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì dúró, ẹ máa mí sínú lọ títí àyà á fi kún. Ẹ wá pa ẹnu dé, kí ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá. Bí ẹ bá máa fa èkejì, ẹ dúró bí ìlàjì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún mì í.

Bí ọwọ́ àti èémí kò bá bára mu, tí wọn kì í sì í bára mu nígbà tí àyà bá há, ẹ ṣe ike tí oògùn á kọ́kọ́ wọ̀ kí ẹ tó mí i sínú. Ẹ mú ike omi 500 ml tó mọ́. Ẹ gbé ẹnu ínhélà lé ìdí ike náà, kí ẹ fi báírò yí i ká, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ tí ẹ ti yáná lu ibẹ̀ títí ínhélà á fi wọlé tó há gádígádí. Ẹ fi téèpù dí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má yọ. Ẹ tẹ ínhélà sínú ike lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ẹnu sí ọrùn ike níbi tí à ń gbà mu omi, kí ẹ mí wọlé mí jáde nínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí márùn-ún. Kì í ṣe ọgbọ́n àdúgbò lásán. Àwọn dókítà ní South Africa dán an wò lára àwọn ọmọdé tí àyà há fún, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1999, ike tí wọ́n dí etí rẹ̀ sì ṣe dáadáa bí spacer, irú ike bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Kọ́ọ̀pù fóòmù tí wọ́n dán wò pẹ̀lú rẹ̀ ni kò wúlò. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ike náà kí ẹ tó lò ó, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi aṣọ nù ún nínú, oògùn á máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

Ẹ ní òru ni wọ́n gbé yín nígbà méjèèjì. Ẹ ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó máa yà mí lẹ́nu bí kò bá sí ẹnikẹ́ni tó ti sọ pé ayé ló ń wá yín wá lóru. Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú òru. Ara wa ń pèsè steroid tirẹ̀, cortisol ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ lóru. Ìdájí ni ọ̀nà èémí gbogbo èèyàn máa ń tóóró jù, títí kan ẹni tí kò ṣàìsàn. Ti ẹni tí kò ṣàìsàn láyè tó pọ̀, kò ní mọ̀. Tiyín kò láyè. Ẹ wá fi kọ́ìlì ẹ̀fọn tó ń jó nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa kún un, àti fóòmù àtijọ́ tí kòkòrò tí ojú kò lè rí ti kún inú rẹ̀, àti aáyán. Ẹ lo àwọ̀n ẹ̀fọn dípò kọ́ìlì. Ẹ sá fóòmù àti ìrọ̀rí sóòrùn, kí ẹ sì máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ tí ẹ ń tẹ́ lé e. Kí ọmọ mìíràn máa bá yín gbálẹ̀, omi ni kí wọ́n fi wọ́n ilẹ̀ kí wọ́n tó gbá a.

Ó ku ìdí ààrò, òun ló sì nira jù fún mi láti sọ. Èéfín igi tí ẹ ń fà látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀tá yín tó tóbi jù, ọyẹ́ kàn ń bá a gbé ẹrù ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kí ẹ fi gàrí sílẹ̀. Ẹni tó bá máa sọ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn ọmọ yín máa jẹ. Mo mọ ìyá kan lójú ọ̀nà Ọ̀dà tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́: ẹnì kejì ń yan, òun ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń jọ̀ ọ́, ó ń gbé gàrí lọ sí Ọjà Ọba. Owó rẹ̀ dín díẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, nígbà tó yá kò sọ ọ̀rọ̀ owó mọ́, torí kò ná an sí ọsibítù. Bí kò bá sí ẹni tí ẹ lè bá pààrọ̀, ẹ wó ògiri tó wà níwájú ààrò, kí afẹ́fẹ́ lè gbé èéfín jáde, kí ẹ sì jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kó má jẹ́ ibi tó ń gbé e lọ. Igi gbígbẹ ni kí ẹ máa dá, igi tútù ló ń rú èéfín jù. Ẹni tó bá lè mọ ọ̀pá èéfín sí ààrò tó fi yọ lórí òrùlé, ẹ san owó rẹ̀. Aṣọ tí ẹ fi ń bo imú kò dá èéfín dúró. Ìbòmú N95 ń dá eruku rẹ̀ dúró, kò dá gáàsì rẹ̀ dúró, ẹ ó sì làágùn nínú ooru yẹn. Nínú oṣù ọyẹ́, bí ẹ bá lè dín yíyan kù sí ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀, á dára.

Nǹkan kan tún wà tí kò sí ẹni tó máa fura sí: oògùn ara ríro. Ẹ̀yìn tó ń ro yín lẹ́yìn yíyan, mo mọ̀ pé wọ́n ń di oògùn fún un ní kẹ́míìsì, diclofenac tàbí ibuprofen sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Àwọn kan wà tí irú oògùn wọ̀nyí, àti aspirin, máa ń dí àyà wọn pa láàárín wákàtí kan sí méjì. Kì í ṣe gbogbo oníkọ̀ọ́ fée, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò bóyá ẹ lò ó ní ọjọ́ tí wọ́n gbé yín. Paracetamol ni kí ẹ máa lò. Bí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní propranolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí timolol tí wọ́n ń kán sójú, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní ikọ́ fée.

Ọ̀rọ̀ wá di ti owó. Láti ìgbà tí GSK, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Ventolin, ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, Ventolin, ínhélà búlúù tí a ń rà bí ẹni ra ṣúgà tẹ́lẹ̀ di ọ̀wọ́n gógó, àwọn tó ń ti Íńdíà wá ló pọ̀ lórí káńtà báyìí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣáà wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán. Bí owó bá wà, èyí tí mo máa bá yín béèrè lọ́wọ́ dókítà ni ínhélà tó da budesonide àti formoterol tó ń ṣí àyà kíákíá pọ̀, nítorí ìyẹn lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì: ẹ ń fà á láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ sì tún lè fà á nígbà tí àyà bá há, dé ìwọ̀n tí dókítà bá kọ. Èyí tí salmeterol wà nínú rẹ̀ dípò formoterol kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀. Bí owó kò bá tó, beclometasone lójoojúmọ́ pẹ̀lú búlúù nígbà ìṣòro dára ju búlúù 17 lọ, ẹ sì ro iye tí ẹ ń ná sórí 17 náà. Hóró salbutamol àti aminophylline kò wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú ọwọ́ gbọ̀n, àyà ń já, àti pé ti aminophylline, ìwọ̀n tó ń ṣèwòsàn kò jìnnà sí ìwọ̀n tó ń ṣeni léṣe. Montelukast ń ran àwọn kan lọ́wọ́, àwọn mìíràn ń lá àlákálàá lórí rẹ̀, ìṣesí wọn sì ń yí padà. Prednisolone ọjọ́ 5 sí 7 nígbà tí ìdààmú bá le, ó ń gba ẹ̀mí là. Kí ẹ máa rà á fúnra yín lóṣooṣù ni mi ò fẹ́. Bí ẹ bá ti lò ó pẹ́, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ béèrè nípa ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Oǹdó náà, kí ẹ mọ ohun tó máa gbé nínú ẹrù yìí. Nípa àgbo, orógbó àti oyin kò ní pa yín lára, bí wọ́n bá tẹ́ màmá yín lọ́rùn, ẹ jẹ ẹ́, kí ínhélà yín máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbo tó bá mú àyà ṣí wáí láàárín ọjọ́ kan, tí ojú yín wá ń wú, òun ni kí ẹ sá fún. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó sè é ti lọ hóró steroid sínú rẹ̀.

Bí ó bá tún dé lóru, ẹ dìde jókòó, ẹ má dùbúlẹ̀, kí wọ́n má sì yí yín ká. Ẹ fa búlúù nínú ike, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi 4 títí dé 10. Bí kò bá rọ̀, ọkọ̀ ti gbọ́dọ̀ máa bọ̀, kí ẹ sì máa fà á lọ lójú ọ̀nà. Ẹ ti bá awakọ̀ kan ládùúgbò sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri. Bí ẹ ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí lẹ́ẹ̀kan, tí ètè ń dúdú, ẹ má dúró de 10. Wọn ò gbọdọ̀ da epo pupa sí yín lẹ́nu, kí wọ́n má fi Robb kun imú yín, òórùn rẹ̀ lè tún fún àyà pa. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ọkọ yín ka fúnra rẹ̀. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí àyà rẹ̀ ń súfèé tí a fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn wákàtí kan, mi ò gbọ́ fée náà mọ́. Inú mi dùn, mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ti ń rọ̀. Sísítà àgbà kọjá, ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e, ó pariwo dókítà. Èémí ni kò wọlé mọ́ rárá, kò sí atẹ́gùn tó máa súfèé. Wọ́n rí i gbà padà, kì í ṣe ọpẹ́ mi. Bí fée bá dákẹ́ tí ọrùn àti ìhà ṣì ń fà, tí ojú ń wọ́lẹ̀, kò rọ̀ o. Ẹ sáré.

Ibi tí mi ò lè dé rèé. Mi ò lè fi etí sí àyà yín nínú lẹ́tà. Ẹni tó ti jókòó tọdún tọdún nídìí ààrò, èéfín lè ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ lọ́nà mìíràn tó jọ ikọ́ fée, tí ínhélà kò ní tú sílẹ̀ tán. Ọkàn tó rẹ̀ náà lè mú èémí há lóru. Ìdánwò kan wà tí wọ́n máa ní kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, òun ló máa fi èyí hàn, ẹ béèrè fún un ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIMED, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó. Ọ̀rọ̀ "ikọ́ fée tó le" tí àwọn dókítà ń sọ kì í ṣe ti gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbé lóru. Ẹni tó ń fa steroid tó pọ̀ lójoojúmọ́, tó ń fà á bó ṣe yẹ, tó ti kúrò níbi èéfín, tí kò sì rọ̀ lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ju bíi 3 sí 10 nínú 100 lọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní omalizumab, wọ́n ti ń lò ó ní Amẹ́ríkà láti 2003, ó ń ran irú yín kan lọ́wọ́, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó gàrí. Mi ò ní tan yín nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ, a ò tíì dé ibẹ̀, ẹ ò tíì lo oògùn tó yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan: búlúù tó wà lọ́wọ́, àwọn tó ti tán tí ẹ kò tíì dànù, oògùn ara ríro, igo àgbo bí ó bá wà, àti ike tí ẹ ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ lò ó lójú wọn kí wọ́n wò ó. Kí ẹ sì wá ìwé kékeré kan látòní, kí ẹ máa kọ iye ìgbà tí ẹ jí lóru àti iye tí ẹ fà lójúmọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá tún kọ̀wé sí mi lẹ́yìn oṣù kan, nọ́ńbà méjèèjì yẹn ni mo máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ bá mi kí màmá yín.